Àgbàdo àti Ẹ̀wà: Ìtàn Oúnjẹ Amáradàgbà fún Ọmọ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ní ibùdókọ̀ Command, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Abúlé-Ẹ̀gbá lọ sí Ìpájà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, àwọn obìnrin a máa po ẹ̀kọ lórí iná, àwọn mìíràn a sì máa dín àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Akọ̀wé, mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́ àti awakọ̀ a máa ra méjèèjì papọ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a. Ìdáhùn náà tó fún ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà lábẹ́ àṣà yìí tí àwọn onímọ̀ jà lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ ọwọ́ ni ó sì jìyà rẹ̀ jùlọ.

Èròjà tí ń mú ara dàgbà, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní pùròtéènì, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀yà wẹ́wẹ́ ni a fi kọ́ ọ, bí ẹni fi bíríkì kọ́ ilé. Ogún ni àwọn ẹ̀yà náà. Ara ènìyàn lè fúnra rẹ̀ ṣe mọ́kànlá nínú wọn, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án yòókù, àfi kí ó rí wọn gbà láti inú oúnjẹ. William Rose ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ni ó rí èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú wọn ní ọdún 1935. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ní ìwọ̀n tí ó tó. Ti ohun ọ̀gbìn kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo kò ní lysine àti tryptophan tó. Ẹ̀wà ní lysine púpọ̀, ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kéré, àgbàdo ni ó sì ní ìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: bí ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹ̀wà ti rí nìyẹn.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá kò mọ orúkọ lysine, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àdàlú. Orúkọ oúnjẹ náà fi ara rẹ̀ hàn: a dà á lù, àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Wọ́n mọ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ pẹ̀lú èkuru, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Wọ́n ń fi irú sí ọbẹ̀, wọ́n ń lọ ẹ̀gúsí, wọ́n sì ń jẹ ẹ̀pà. Ẹran tí ó wà nínú ọbẹ̀ ojoojúmọ́ ilé tálákà lè má ju èkìrí kan lọ, síbẹ̀ àgbà ilé ń lágbára láti ro oko.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ ni oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ mímu nìkan ni ọ̀pọ̀ ìyá ń fún un, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àní, kí ògì tó dé orí iná ni àdánù ti bẹ̀rẹ̀: bí a bá ti sẹ́ ẹ, eèrí tí a dà fún ẹran ọ̀sìn ti gbé apá kan nínú èròjà náà lọ. Ìgbàgbọ́ kan sì tún wà pé ọmọ tí a bá fi ẹyin àti ẹran bọ́ yóò di olè. Kì í ṣe àìmọ̀kan ìyá nìkan ni ó bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹran kò bá ti kárí, ó rọrùn kí àgbà rí ìdí tí ọmọdé kò fi gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast (tí ó di Ghana ní ọdún 1957), kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń pa àwọn ọmọdé tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ àgbàdo. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, irun wọn ń pọ́n, awọ ara wọn sì ń bó. Ní ọdún 1935 ó pe àìsàn náà ní kwashiorkor, orúkọ tí àwọn ará Gã ń lò fún àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Orúkọ náà ti sọ ohun tí ó fà á: ọmọ tuntun ti gba ọmú, èyí ẹ̀gbọ́n wá ku ẹ̀kọ nìkan. Ọ̀gá kan láàrin àwọn oníṣègùn òyìnbó, Hugh Stannus, kò gbà. Ó ní pellagra lásán ni.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Dókítà David Morley dé Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ọdún 1956. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn láti ìgbà ìbí wọn. Ó fi káàdì kan lé àwọn ìyá lọ́wọ́, tí a ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Bí ìlà náà bá dúró sójú kan, ìyá yóò rí i kí àìsàn tó fojú hàn. Káàdì yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní ayé, ó sì yẹ kí a rántí pé àárín àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ni a ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ti dá ibùdó ìwádìí nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ọdún 1956, èyí tí a mọ̀ sí FIIRO. Níbẹ̀ ni I. A. Akinrele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wádìí bí ògì ṣe ń kan. Ní ọdún 1970, wọ́n gbé ìròyìn jáde lórí Soy-Ogi: àgbàdo bí ìdá 7, ẹ̀wà sóyà bí ìdá 3, tí a sọ di ìyẹ̀fun gbígbẹ. Oúnjẹ tí èròjà amáradàgbà rẹ̀ pé ni wọ́n pè é. Èrò náà dára: nǹkan bí ìdá 2 nínú 5 ẹ̀wà sóyà ni èròjà yìí, ó sì ní lysine tí àgbàdo kò ní tó. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni a gbà á sí, àwọn tí ó sì nílò rẹ̀ jù ni kò lówó oúnjẹ inú páálí. Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú han gbogbo ayé.

Ní ọdún 1974 ni Donald McLaren da omi tútù sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ariwo nípa èròjà amáradàgbà jẹ́ àṣìṣe ńlá. Oúnjẹ lápapọ̀ ni kò tó àwọn ọmọ. Ẹni tí kò jẹun yó, ara rẹ̀ yóò fi èròjà amáradàgbà dáná. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ jù láti sọ pé irú oúnjẹ kò já mọ́ nǹkan. Ikùn ọmọ ọwọ́ kéré, a kò sì lè fi ẹ̀kọ mímu kún un tó. Níbi tí ó jẹ́ pé gàrí àti fùfú ni a gbójú lé, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní èròjà yìí rárá. Ní ọdún 1994, Vernon Young àti Peter Pellett fi hàn pé kò di dandan kí ẹ̀wà àti àgbàdo wà nínú àwo kan náà. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ tí ó sì jẹ ẹ̀wà lálẹ́ kò pàdánù nǹkan kan, bí ó bá ṣáà ti jẹun yó.

Láti ọdún 1987, IITA ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò dúró de ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ; wọ́n kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń fi sóyà dín àkàrà, ṣe mọ́ínmọ́ín àti wàrà nínú ilé ìdáná tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹnu mọ́: iná gbọ́dọ̀ kan sóyà dáadáa, nítorí nígbà tí ó bá wà ní tútù, ohun kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú.

Owó ẹ̀wà fò sókè ní ọdún 2024, àkàrà sì kéré sí i lójú agbada. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn ìyá ń gbé àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà lọ sí ibi ẹ̀rọ láti lọ̀ ọ́ sí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní Tom Brown fún ọmọ wọn. Wọ́n ti yan sóyà náà nílé kí wọ́n tó gbé e jáde.