Bátìrì Kú, Bátìrì Ò Kú

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ṣáṣá n'Ìbàdàn, tí àwọn ọkọ̀ tòmáàtì tó ti Òkè Ọya wá bá sùn mọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, gbólóhùn kan ló máa ń jáde lẹ́nu awakọ̀ láàárọ̀: "Bátìrì ti kú." Ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, á dé, á fi mítà kàn án lórí. Nígbà mìíràn, iná inú rẹ̀ ló kàn tán. Nígbà mìíràn, iná ṣì wà níbẹ̀, òtútù ló mú un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ti kú lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe àìsàn mẹ́ta, ó sì ń kó wa ní owó, nítorí ohun tó bá ti kú, kò sẹ́ni tí í wo àìsàn rẹ̀ mọ́. A ó gbé e jù sílẹ̀, a ó ra tòkunbọ̀ mìíràn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní ìtọ́jú bátìrì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó má fi àkókò ṣòfò lórí orúkọ bátìrì fúnra rẹ̀. Bátìrì ti di ọmọ ilé, kò sí awakọ̀ tí yóò gbà láti pè é ní àpótí ìfinápamọ́. Èdè-Ìperí Yorùbá, àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìwé kìíní rẹ̀ ní 1984, ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ríwáyà ń retí tirẹ̀.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ń wá ni a sì ti ní. Irin rírọ̀, wíwúwo tó wà nínú bátìrì, òjé ni. Àwọn ọlọ́bàtálá ti ń fi òjé ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ tipẹ́tipẹ́, kí Gaston Planté ará Faransé tó fi òjé àti ásíìdì ṣe bátìrì tó ṣeé fi iná kún padà ní 1859. Orí bátìrì, tí a ń de wáyà mọ́, ọ̀rọ̀ gidi ni, kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ rẹ̀. "Omi" nìkan ló ń dààmú mi. A ń pe ásíìdì ní omi, a tún ń pe omi bátìrì ní omi. Omi nìkan ni ooru ń fà gbẹ. Ẹni tó bá wá bu ásíìdì kún un nítorí pé omi ni òun pẹ̀lú gbọ́, òjé inú rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Nítorí náà, kí omi máa jẹ́ omi, kí ásíìdì máa jẹ́ ásíìdì.

Ó wá ku àìsàn mẹ́ta yẹn. Èkíní, "iná tán", fóònù ti kọ́ wa ní ìyẹn. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi fólìtì 12.6 hàn lórí mítà. Bí ó bá ti wálẹ̀ dé 12, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí a gbé e lọ ṣájì ni. Èkejì, "òtútù mú un": ásíìdì àti òjé kì í tètè ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú òtútù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà á sì ki. Ẹ̀kẹta nìkan ni mo gbà kí a pè ní "kú": èépá funfun ti bo òjé, kò gba iná mọ́. Ooru ló sì sábà máa ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Oòrùn oṣù Kẹta ti pa bátìrì tán, ọyẹ́ ló kàn wá tú àṣírí rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ló nílò ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jù. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kínní, 2019, òtútù Chicago dé ìwọ̀n 31 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà CCA tó wà lára bátìrì ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó ní ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo. A ti ń sọ pé awakọ̀ ṣíná sí ọkọ̀, nítorí náà "agbára ìṣíná nínú òtútù" ni mo pè é. Èyí tí wọ́n ń pè ní freeze, "dì" ti tó o: epo ń dì lọ́yẹ̀ẹ́, àdín ń dì. Bátìrì tó kún kì í dì títí òtútù yóò fi kọjá 50 lábẹ́ òdo. Èyí tí iná tán nínú rẹ̀, ásíìdì ti wọnú òjé lọ, ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán, nǹkan bí ìwọ̀n 10 lábẹ́ òdo lè mú un dì, kí ara rẹ̀ sì là. Èyí tó bá ti dì, ẹ má fi iná sí i rárá, ó lè bú gbàù.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò ọkọ̀ lórí rédíò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dé ọ̀dọ̀ ríwáyà kí ẹ tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú òtútù, ẹ wo agbára ìṣíná kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì rí i pé bátìrì yín kún kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀.