Ọkọ̀ Tó Wà ní Oníkàn àti Ìwé Tí Ń Gbẹnu Sọ fún Un

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú tí ó sì gúnlẹ̀ sí Erékùṣù Èkó kò jìnnà sí Oníkàn mọ́. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n gbé Mercedes-Benz dúdú kan sí, tí ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀. Inú ọkọ̀ yìí ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, wà ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, ọdún 1976, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Buka Suka Dimka ṣíwájú wọn ká a mọ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòyí. Kò sí ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ń tẹ̀lé e. Akintunde Akinsehinwa, ọmọ ogun tí ń bá a rìn, kú pẹ̀lú rẹ̀. Awakọ̀ náà kò sì yè é.

Ohun tí ó wà níwájú òǹwòran kò ju irin àti gíláàsì lọ. Ihò kò lè dárúkọ ẹni tí ó yìnbọn. Ìwé ìròyìn ìgbà náà, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ṣojú wọn ni ó sọ irin náà di ìtàn.

Àwọn ará Jámánì mọ èyí dáadáa. Ilé iṣẹ́ Mercedes ní Stuttgart ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀: nọ́ńbà ṣáṣì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, àwọ̀, ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. 300 SL, ọkọ̀ eré sísá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ, kò ju 1,400 lọ láàárín ọdún 1954 sí 1957. Ìwé yìí ni a fi ń mọ èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtilẹ̀wá, owó ńlá sì wà lórí ìyàtọ̀ náà.

Nílé ńkọ́? Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná, tí Volkswagen sì ń to ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá ní Òjó. Púpọ̀ nínú wọn ti gba ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, bóyá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí nọ́ńbà ọkọ̀ yí padà ní ọdún 1992, tí KRD di àmì Ìkòròdú, tí EPE di ti Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ tí ó gba nọ́ńbà tuntun pàdánù orúkọ tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Làísẹ́ǹsì àtijọ́ nìkan ni ó kù láti jẹ́rìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ni ó ṣe atọ́nà ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, tí ó wà ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Rìsíìtì Ìjàpá bàbá ẹni kò lè dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó wà, pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n fi ọtí wẹ ọkọ̀ náà, tí ẹnì kan sì kọ déètì sí ẹ̀yìn rẹ̀.