Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn, Orúkọ Yorùbá

Ní Komu, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ibi ọmọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà sórí ààtàn. Bí aboyún bá sọ̀ tán, àgbà obìnrin inú ilé á wá ìkòkò, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á rì í síbi tí bàbá ọmọ lè nàka sí lọ́jọ́ mìíràn. Irun àti èékánná náà, wọn kì í jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ síwèé, síbẹ̀ gbogbo ilé ló mọ̀ pé ohun tó kúrò lára èèyàn ṣì ní olóhun.

Ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Lọ́dún 2002, orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Nàìjíríà wà nínú wọn, dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí DNA ọmọ aráyé ti yàtọ̀ síra. Èèyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà. Àwọn yòókù wá láti Utah, Tokyo àti Beijing. Ẹni tó bá máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ sọ pé Yorùbá ni òbí bàbá òun méjèèjì, Yorùbá sì ni òbí ìyá òun méjèèjì. Ìbéèrè alárenà gan-an nìyẹn.

Wọn ò ṣàdédé já wọ àdúgbò o. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn kọ́kọ́ bá ará àdúgbò jíròrò, wọ́n sì gba àṣẹ lẹ́nu àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ sọdá òkun, ó di ilé ìwádìí Coriell, ní Camden, New Jersey. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì tí kì í kú, tó ń bí sí i nínú ìgò, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè sanwó béèrè fún. Nọ́ńbà ló wà lára ìgò, kò sí orúkọ. NA18507 jẹ́ ti ọkùnrin Ìbàdàn kan. Wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀ tán, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2008.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wọ́. Wọ́n yọ orúkọ àbísọ, wọ́n fi orúkọ ìran sílẹ̀. Àwọn tó ṣètò HapMap kìlọ̀ pé "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà" ni kí wọ́n máa pe ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n má fi ṣojú Áfíríkà lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ò gbọ́. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ìdílé 30 ṣe ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àgbẹ̀ Komu tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè, àti ti gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú.

Òfin ilẹ̀ wa rìn tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oògùn Trovan tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán wò lára àwọn ọmọdé ní Kano lọ́dún 1996, ojú ti là. Ìlànà ìwádìí ìlera ti ọdún 2007 ní kí ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara má kúrò ní Nàìjíríà fún ìwádìí láìsí ìwé àdéhùn. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ẹnikẹ́ni má fa ẹ̀jẹ̀ lára alààyè láìgba àṣẹ rẹ̀, bí kò bá ṣe pàjáwìrì ìtọ́jú. Ti ọdún 2023, èyí tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ka ìsọfúnni DNA mọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Gbogbo òfin wọ̀nyí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò. Ìran ò ní àga níwájú adájọ́.

Ọgbọ́n kan ṣì wà tí àwọn HapMap dá láti fi pa àṣírí mọ́: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà pọ̀ ju èyí tí wọ́n lò lọ. Nítorí náà, ẹni tó na apá rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, òun alára ò lè sọ bóyá tòun wà nínú àwọn ìgò tó wà ní Camden.