Ìyọ̀ǹda tí Ọdẹ Pokémon Ń Fún Fóònù

Pokémon GO, géèmù orí fóònù tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri ṣe, jáde ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ariwo fi ta. Àwọn tó fi àkáǹtì Google wọlé lórí iPhone rí i pé géèmù náà ti gba àṣẹ pátápátá lórí àkáǹtì wọn. Niantic tó ṣe é ní àṣìṣe ni, pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti àdírẹ́sì ímeèlì nìkan làwọn wò. Sẹ́nétọ̀ Al Franken ti Amẹ́ríkà kọ̀wé béèrè àlàyé, Niantic sì tètè tún un ṣe. Lójú tèmi, ìyọ̀ǹda tí ariwo rẹ̀ kò tó ti èyí ló yẹ ká wò: kí géèmù máa mọ ibi téèyàn wà.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì GPS, tó ń sọ ibi téèyàn wà, tí ará ìlú ń gbà rú. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n ṣíwọ́ tí ọkùnrin kan fi gbé garawa pamọ́ sínú igbó ní Oregon, tòun ti agolo ẹ̀wà nínú rẹ̀, tó sì kọ ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ẹlòmíì lọ wá a. Ẹ̀rọ ọwọ́ àwọn tó ń wá a ń gba àmì láti ojú ọ̀run ni, kì í ròyìn ẹnikẹ́ni fún ilé-iṣẹ́ kankan. Lọ́dún 2012 ni Niantic, tí John Hanke dá sílẹ̀ lábẹ́ Google, gbé géèmù Ingress jáde. Àwọn tó ń gbá a ló ń ya fọ́tò ère, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwòrán ara ògiri ránṣẹ́. Láti inú ohun tí wọ́n kó jọ ni ọ̀pọ̀ ibùdó tí àwọn tó ń gbá Pokémon GO ń rìn lọ bá ti wá.

Ẹnìkan lè ní géèmù tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn kò lè ṣiṣẹ́ láìmọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Òótọ́ ni, àti pé láti ọdún 2019 ni Android ti jẹ́ kéèyàn lè fún áàpù ní àyè yìí kìkì ìgbà tó bá ń lò ó. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018 ni Pokémon GO ti mú ètò Adventure Sync dé, tó ń ka ìrìn kódà nígbà tí géèmù wà ní títì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ yóò rìn lọ sọ́jà rìn bọ̀, bí géèmù bá wà ní títì, ẹyin inú géèmù rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ rin kìlómítà 10 kó tó pa kò ní sún. Ó lómìnira láti kọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń san owó rẹ̀.

Lọ́dún 2024, Niantic kéde pé àwòrán àwọn ibi tí àwọn tó ń gbá géèmù fi kámẹ́rà yà wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ láti mọ ojú ayé. Yíya àwòrán yẹn kì í ṣe dandan, ìrìn lásán kò sì sí nínú rẹ̀. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, n kò jiyàn. Àmọ́ nígbà tó di ọdún 2025, wọ́n ta Pokémon GO àtàwọn géèmù wọn kan fún ilé-iṣẹ́ Scopely ní bílíọ̀nù dọ́là 3.5, wọ́n sì fi iṣẹ́ máàpù dá Niantic Spatial sílẹ̀. Iṣẹ́ máàpù yẹn ni wọn ò tà.