"Bí" Kan Ṣoṣo Nínú Òfin: Ìtàn Ìwé Àṣẹ Omi Lórí Ilẹ̀ Navajo



Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣiṣẹ́ nídìí omi ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ló bi mí léèrè pé: "Prof, àwọn Navajo fẹ́ fa omi mímu gba orí ilẹ̀ baba wọn. Kí ló wá dé tí wọ́n tún ń wá ìwé àṣẹ lórí bí omi ṣe mọ́ sí? Ṣebí ẹlẹ́nu rírùn ló ni àmù ìyá ẹ̀?" Ìbéèrè náà kúrú, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ìwé àṣẹ yìí, tó dà bí ìdènà lójú wa, ìjà ni wọ́n jà kó tó di pé àwọn fúnra wọn ń fọwọ́ sí i.

Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Diné ni àwọn Navajo ń pe ara wọn. Èdè olóhùn ni èdè wọn bíi tiwa, "tó", lóhùn òkè, ni wọ́n sì ń pe omi. Ẹ má lọ so ó mọ́ "tó" tiwa o! Mo ti kọ́ yín pé ìjọra lásán kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Ẹ óò bá ọ̀rọ̀ náà nínú orúkọ ìlú wọn, bíi Tohatchi àti Tohajiilee, torí pé ní ilẹ̀ gbígbẹ, omi làwọn èèyàn fi ń dá ìlú mọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ń pè wọ́n ní "tribe", àwa náà sì máa ń sáré túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹ̀yà". Ṣùgbọ́n èèyàn kì í bá ẹ̀yà lásán tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní 1868, ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn Diné tọwọ́ bọ̀wé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó wọn nígbèkùn fún bí ọdún mẹ́rin ní Bosque Redondo. Àdéhùn yẹn ló dá wọn padà sí apá kan ilẹ̀ wọn. Lónìí, ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 27,000 máìlì onígun mẹ́rin, ó sì nà wọ inú ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Arizona, New Mexico àti Utah.

Ní 1908, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Winters. Ọ̀rọ̀ odò Milk ní Montana ni, níbi tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ti ń fa omi mọ́ àwọn ará Fort Belknap lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ní nígbà tí wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn èèyàn náà, wọ́n ya omi mọ́ ọn. Ìdájọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe pọ̀ tó nìkan ló sọ̀rọ̀ lé. Kò sọ ẹni tí yóò máa pinnu bóyá omi náà mọ́ tàbí kò mọ́.

Ìyẹn dúró di 1972, nígbà tí òfin omi mímọ́ ti ìjọba àpapọ̀ jáde. Òfin yìí ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ da ìdọ̀tí láti ojú páìpù sínú odò gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Ó tún ní abala kan, abala 401, tó lágbára gan-an: bí ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ fúnni ní ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ tó lè da nǹkan sínú omi, ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ náà wà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé kò ní ba omi òun jẹ́. Bí ìpínlẹ̀ bá kọ̀, kò síwèé. Ẹ wá kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: ìpínlẹ̀. Ilẹ̀ Navajo kì í ṣe ìpínlẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ló ń gbẹnu sọ fún odò wọn.

Ohun tíyẹn lè dà hàn ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 1979. Ní Church Rock, ní New Mexico, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Navajo, ògiri adágún tí ilé iṣẹ́ uranium kan ń da omi ìdọ̀tí sí ya. Ìpínlẹ̀ New Mexico ló fún ilé iṣẹ́ náà láṣẹ. Omi olóró tó ju 90 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lọ ya wọ odò Puerco, ó sì ṣàn gba ilẹ̀ àwọn darandaran Navajo tí ẹran wọn ń mu níbẹ̀. Ọwọ́ ibòmíì ni àṣẹ wà, àgbàlá tiwọn ni ìdọ̀tí gbà.

Ní 1987, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì fi abala 518 kún un. Ó ní EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, lè máa bá àwọn èèyàn wọ̀nyí lò "bí" ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ẹ dúró níbí. "Ó ń ṣe bí ọba" kò jọ "ó jẹ ọba". "Bí" máa ń fúnni ní nǹkan, ó sì máa ń du èèyàn ní nǹkan. Síbẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ mú un lò fi ṣiṣẹ́ gidi. Isleta Pueblo wà nísàlẹ̀ ìlú ńlá Albuquerque lórí odò Rio Grande. Ibi tí ìlú náà ti ń da omi ìdọ̀tí rẹ̀ tó ti fọ̀ sódò kò ju nǹkan bíi máìlì márùn-ún lọ sí ààlà wọn. Ní 1992, wọ́n gbé òṣùwọ̀n tiwọn kalẹ̀, èyí tó le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ, torí pé wọ́n ń lo odò náà fún ètùtù, wọ́n ń wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń mu ún. EPA fọwọ́ sí i. Albuquerque gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù, ó sì fìdí rẹmi ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 1996. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò gbà láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ odò di ẹni tí ìlú ńlá tó wà lókè gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ní 2000, Navajo di àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn tí wọ́n gbé àbójútó omi mímu lé lọ́wọ́. Ní 2006, agbára òṣùwọ̀n odò àti ti abala 401 tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ omi Navajo-Gallup, tí ìjọba àpapọ̀ fàṣẹ sí ní 2009, fi yàtọ̀. Nǹkan bí 300 máìlì páìpù ni, láti odò San Juan, tó yẹ kó gbé omi dé ọ̀dọ̀ bí 250,000 èèyàn lọ́jọ́ iwájú. Páìpù bẹ́ẹ̀ máa ń la ọ̀pọ̀ ojú ọ̀gbàrá kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ojú odò tàbí kó yẹ̀pẹ̀ dí i, àwọn ológun onímọ̀ ẹ̀rọ, Army Corps of Engineers, ló ń fúnni láṣẹ, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ Navajo, ẹ̀rí àjọ àyíká Navajo gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ mi nìyẹn: ìwé tó ń wò bí ìyọlẹ́nu, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń kọ ọ́.

Ǹjẹ́ ó tó? Ní oṣù Kẹjọ 2015, àwọn òṣìṣẹ́ tí EPA gbà síṣẹ́ ń yẹ ihò ìwakùsà àtijọ́ kan, Gold King, wò ní Colorado, ni ihò bá tú. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta gálọ́ọ̀nù omi pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dà sínú odò Animas, ó sì bá a wọ San Juan. Àwọn àgbẹ̀ Navajo ti ojú ọ̀nà omi oko wọn pa, ọ̀pọ̀ irè sì gbẹ. Àjọ tó ń fọwọ́ sí òṣùwọ̀n ló ba omi jẹ́! Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ètò iṣẹ́ páìpù padà, wọ́n gba adágún ilé iṣẹ́ iná kan tó ti kógbá sílé, kí omi lè wà nípamọ́ nígbà tí odò bá bàjẹ́.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé àdéhùn 1868 kò di dandan lé ìjọba àpapọ̀ lọ́rùn láti gbé ìgbésẹ̀ kankan láti wá omi fún àwọn Navajo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé wọn ni kò ní omi ẹ̀rọ. Òfin 2009 fi òpin 2024 ṣe gbèdéke iṣẹ́ Navajo-Gallup. Ọdún náà dé, ó lọ, iṣẹ́ kò parí.

Ẹ rí i pé ibi tí 1908 àti 1987 ti yà ni wọ́n ṣì yà sí. Winters ní omi jẹ́ tiwọn, kò fa páìpù. "Bí" ti 1987 fún wọn ní gègé láti fi kọ̀wé lórí bí omi ṣe mọ́ sí, kò pọn omi kún àmù. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ pọnmi ní máìlì púpọ̀ sílé lè máa fi gègé yẹn lé ìdọ̀tí sẹ́yìn, kò sì ní torí ẹ̀ sọ pé òun ti rí omi mu. Síbẹ̀, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Lọ́jọ́ tí páìpù náà bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, àwọn fúnra wọn ni yóò sọ bóyá ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣe é mu. Ní 1979, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.