Òfin Ni Ó Gbé Káàdì Àwìn Ga

Àwìn ti wà láyé tipẹ́ kí káàdì tó dé. Ní 1950 ni Frank McNamara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Diners Club sílẹ̀ ní New York, kí oníbàárà lè fi káàdì kan jẹun ní ilé oúnjẹ púpọ̀, kí ó sì san gbogbo owó rẹ̀ lópin oṣù. Ní 1958, Bank of America fi káàdì bí 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará Fresno ní California, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Ẹni tó gbà á lè san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé. Káàdì yìí ni ó di Visa ní 1976.

Ṣùgbọ́n òfin ni ó pinnu ẹni tí yóò jàǹfààní. Kí òfin 1974 tó fòpin sí i, ọ̀pọ̀ báǹkì kì í fún abilékọ ní káàdì àfi tí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ní 1978, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé irú èlé tí ìpínlẹ̀ tí báǹkì fìdí kalẹ̀ sí bá gbà láàyè ni báǹkì náà lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. South Dakota mú gbèdéke èlé kúrò ní 1980. Citibank sì kó iṣẹ́ káàdì rẹ̀ lọ síbẹ̀. Báyìí ni òfin ìpínlẹ̀ kékeré kan ṣe di ẹrù lórí onígbèsè jákèjádò Amẹ́ríkà.

Ní Nàìjíríà, níbi tí káàdì ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti kọjá owó tí wọ́n ní ní báǹkì, ìbéèrè tó ṣáájú àwìn ni pé: ta ni yóò ṣòfin èlé?