Kí Ni Ó Sọ Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Okun Di Tálákà?

A máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kéú wa pé ẹni tí ó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ kò ní jìyà. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan bi wá léèrè pé, "Ààfáà, bàbá mi a máa lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ló dé tí a kò fi lówó?" Ìdáhùn kò yá lẹ́nu wa. Ìbéèrè ọmọ náà ni ó mú wa kọ ìwé yìí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìṣẹ́ jẹ́. Ní ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ètò ìṣirò kéde pé mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà ni tálákà, èyí jẹ́ 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n wò. Wọ́n wo ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti bí ènìyàn ṣe ń gbé. Ẹni tí ó ní owó díẹ̀ lápò, ṣùgbọ́n tí aya rẹ̀ ń rọbí tí kò sí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn, tálákà ni.

Ìṣẹ́ yìí ní ìtàn. Àwa ará Okun, Owé ní Kábbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn obìnrin Bùnú a máa ran òwú oko wọn, wọn a sì máa hun ún di aṣọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti Bídà ń kó wa lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú sá gun orí òkè. Mùsùlùmí ni àwọn olórí ogun náà, kò sì yẹ kí àwa Mùsùlùmí fi í pamọ́. Ẹrú àti owó ni wọ́n ń wá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kábbà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kan náà. Ilẹ̀ tí a ti kó àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ, ta ni yóò kọ ebè ibẹ̀?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ Kábbà pe ẹkùn wa, wọ́n sì ní kí a máa fi owó san orí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó wá gba Ìlọrin àti Jẹ́bà dé Kánò. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọkùnrin bá lọ ṣe alágbàṣe ní oko kòkó Èkìtì àti Oǹdó. Aṣọ òkèèrè sì borí aṣọ Bùnú lọ́jà.

Lẹ́yìn náà ni a gbójú lé kòkó àti kọfí. Láti 1977, Cocoa Board ni ó ń rí sí ríra kòkó, kọfí àti tíì ní Nàìjíríà. Ìjọba ni ó ń dá iye lé e. Nígbà tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù náà ká ní 1986, àgbẹ̀ ń retí ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 1989, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ta kọfí àti àwọn tí ń rà á, èyí tí ó fi òdiwọ̀n sí iye tí olúkúlùkù lè tà, dẹnu kọlẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, owó kọfí lágbàáyé já dé nǹkan bí ìdajì. Àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà rí kọfí tí ó pọ́n títí ó fi já sílẹ̀, nítorí owó alágbàṣe tí yóò ká a ju owó tí a ó tà á lọ. Lọ́jà kan náà, owó agolo Nescafé kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Ṣé ọ̀lẹ ni àwọn bàbá wa?

Ní 1950 ni Raúl Prebisch, ọmọ Argentina, àti Hans Singer, tí a bí ní Jámánì, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹni tí ń ta irè oko bí ó ti ká a, tí ó sì ń ra ohun tí ẹ̀rọ ṣe, bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpò tí yóò tà kí ó tó ra ohun kan náà yóò máa pọ̀ sí i.

Nígbà tí oko kò mówó wá, àwọn òbí wa fi wá sílé-ìwé. Ó ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kàwé tán, Èkó tàbí Àbújá ló ń lọ. Ilẹ̀ wa tún ń pàdánù àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀. Ogun kọ́ ló ń kó wọn lọ báyìí, àìríṣẹ́ ni.

Kí ni ṣíṣe? Sàká dára, ó ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa lónìí, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ọ̀nà oko. Kí àgbẹ̀ mẹ́wàá kó owó jọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń bó kọfí, kí wọ́n sì tà á pọ̀, kí oníbàárà kan má baà máa dá iye lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a sì máa bi àwọn tí a dìbò fún léèrè ọ̀nà kí a tó bi wọ́n léèrè ìrẹsì ọdún.

Ọmọ wa, bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́. Iye tí a ń dá lé iṣẹ́ rẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ìgbà tìrẹ. Àmín.